Bándì ska tí fèrè rẹ̀ ń ké tòò: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá wọn

Láti ìgbà tí orin ska ti gbà mí lọ́kàn, díẹ̀ ni ọ̀rẹ́ àti ẹbí tí mi ò tíì fi lọ̀ rí. Àwọn kan fetí sí i lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ó dára, ó tán. Àwọn mìíràn padà wá pẹ̀lú ìbéèrè. Àwọn tó padà wá yẹn ni mo ń dá lóhùn níbí.

Kí ni ska gan-an? Ṣé reggae kọ́?

Reggae kọ́, ṣùgbọ́n ẹbí ni wọ́n, ska ló sì ṣáájú. Kingston, olú-ìlú Jàmáíkà, ni wọ́n ti bí i ní ìparí àwọn ọdún 1950. Nígbà tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1962, ska ni orin tó gba ìgboro kan. Òun ló bí rocksteady ní nǹkan bí ọdún 1966, rocksteady ló sì wá bí reggae ní nǹkan bí ọdún 1968. Ẹni tó bá mọ reggae Bob Marley tí kò mọ ska, ọmọ-ọmọ ló mọ̀, kò tíì pàdé bàbá àgbà.

Àwọn oníṣòwò kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìgbohùnjáde ńláńlá tí wọ́n máa ń kó lọ sí àgbàlá gbangba láti fi ṣe òde ijó, wọ́n á gba owó ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì ta ọtí. Sound system ni wọ́n ń pè é. Duke Reid ní tirẹ̀, Coxsone Dodd ní tirẹ̀, Prince Buster náà dá tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó yá, ìdíje àárín wọn sì gbóná. Àwo rhythm and blues àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò. Nígbà tí Amẹ́ríkà yí sí rock and roll, irú orin tí àwọn oníjó Kingston fẹ́ di ọ̀wọ́n gógó. Wọ́n bá kó àwọn olórin ìlú wọn wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀. Àwọn olórin wọ̀nyẹn ti mọ mento, orin ìbílẹ̀ Jàmáíkà, wọ́n sì ti fi jazz jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó jáde lọ́wọ́ wọn kò jọ ti Amẹ́ríkà mọ́.

Báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀ tí mo bá gbọ́ ọ?

Ẹ máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, kí ẹ sì máa kà: kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Bí ẹ bá ti ń ka iye ni ẹsẹ̀ ń balẹ̀. Nínú ska, gìtá àti dùùrù kì í dún nígbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá gbéra ni wọ́n ń já a, kúkúrú, kíá, bí ẹni ń rẹ́ ilá: kì-ṣà, kì-ṣà, kì-ṣà, kì-ṣà. Ẹsẹ̀ ló ni "kì", gìtá ló ni "ṣà". Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé ìró gìtá yẹn ni wọ́n fi sọ orin náà lórúkọ. Onílù á máa tẹnu mọ́ iye kejì àti ìkẹrin, gìtá bass á sì máa rìn lábẹ́ láìdúró, bí ẹni tó ń lọ sọ́jà tí kò fẹ́ kí oòrùn ká òun mọ́ ọ̀nà.

Orí gbogbo èyí ni fèrè jókòó lé: trumpet, trombone tí wọ́n ń fa ọ̀pá rẹ̀ síwá-sẹ́yìn, saxophone kékeré àti ńlá. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe. Àkọ́kọ́, wọ́n á jọ fọn gbólóhùn kúkúrú kan tó mú, tí ẹ máa máa kùn lẹ́nu títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn á bọ́ síwájú, á dá sọ tẹnu rẹ̀, àwọn yòókù á máa gbè é. Bí ẹ bá gbọ́ "kì-ṣà" lábẹ́, tí ẹ sì gbọ́ fèrè tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lókè, ska lẹ gbọ́ yẹn.

Ẹ máa ń sọ pé ká má wá orúkọ bándì, ká tẹ̀lé afọnfèrè. Kí ló dé?

Nítorí bándì ń tú ká, wọ́n ń yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n ètè tó ń fọn fèrè ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo pàdánù ọdún méjì gbáko nínú wíwá orúkọ bándì. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo orúkọ àwọn tó fọn fèrè lẹ́yìn àwo ni gbogbo rẹ̀ lójú.

Ẹ jẹ́ ká gbé ilé-ìwé kan yẹ̀ wò. Alpha Boys' School ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà, South Camp Road ní Kingston ló wà. Àwọn sístà ìjọ Àgùdà ló ń bójú tó o láti ọdún 1890, fún àwọn ọmọkùnrin tí kò ní alágbàtọ́, àwọn tí òbí wọn kò rí jẹ, àti àwọn tí apá ilé kò ká. Wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́: aṣọ rírán, ìwé títẹ̀, iṣẹ́ oko. Wọ́n sì ń kọ́ wọn ní fèrè. Sístà Mary Ignatius Davies, tó lo ohun tó ju ọgọ́ta ọdún níbẹ̀ kó tó kú ní 2003, fẹ́ràn orin débi pé ó kó àwo jọ, ó sì ní sound system tirẹ̀ tó fi ń lu orin fún àwọn ọmọ náà. Inú ọgbà kan ṣoṣo yẹn ni Tommy McCook ti jáde, àti Don Drummond, Johnny "Dizzy" Moore, Lester Sterling, Rico Rodriguez, Eddie "Tan Tan" Thornton. Joe Harriott tó lọ di àgbà ọ̀jẹ̀ jazz ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ náà ló ti jáde. Nígbà tí The Beatles nílò trumpet fún "Got to Get You into My Life" ní 1966, Tan Tan wà lára àwọn tí wọ́n pè.

Ọmọ tí apá ilé kò ká, ẹnìkan fi fèrè sí i lọ́wọ́. Mi ò lè gbọ́ trombone Drummond kí n má rántí èyí.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ràn fèrè kan nínú àwo kan, ẹ wá orúkọ ẹni tó fọn ọ́n. Ẹni yẹn á mú yín dé ilé mẹ́wàá mìíràn.

Bándì wo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́?

The Skatalites. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Wọ́n kó ara wọn jọ ní 1964, wọ́n sì tú ká ní oṣù Kẹjọ 1965. Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan péré, síbẹ̀ iye orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ láàárín àkókò náà pọ̀ jọjọ, nítorí àwọn ni wọ́n ń gbè fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo olórin tó bá wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀. McCook àti Roland Alphonso ló wà lórí saxophone ńlá, Sterling lórí kékeré, Moore lórí trumpet, Drummond lórí trombone. Jackie Mittoo ló ń tẹ dùùrù, ọmọ bíi mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà. Lloyd Brevett ló ni bass, Lloyd Knibb ló ni ìlù. Ohun kan tó wú mi lórí ni pé Kúbà ni wọ́n ti bí McCook àti Alphonso, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí Rico, kí ẹbí wọn tó kó wọn wá sí Jàmáíkà. Bí ẹ bá ń gbọ́ adùn Kúbà nínú fèrè wọn, ẹ má rò pé etí yín ló ń tàn yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Guns of Navarone", nítorí ó rọrùn láti fẹ́ràn. Orin fíìmù ni tẹ́lẹ̀, àwọn ni wọ́n sọ ọ́ di orin ijó, ó sì dé orí àtẹ orin Gẹ̀ẹ́sì ní 1967, nígbà tí bándì náà ti tú ká. Lẹ́yìn rẹ̀, "Freedom Sounds" ti McCook. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ "Eastern Standard Time" àti "Man in the Street", méjèèjì ti Don Drummond. Níbẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ ohun tó yà á sọ́tọ̀: ìlù ń sáré, ẹsẹ̀ ń fẹ́ jó, ṣùgbọ́n trombone yẹn ń dárò. Ayọ̀ àti ìbànújẹ́ wà nínú ìró kan náà. Ọ̀pọ̀ bándì tó ń ṣe ska lónìí mú eré sísá nìkan, wọ́n fi èyí sílẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Don Drummond?

Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni. Àìsàn ọpọlọ ń bá a jà láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kíní 1965 ló gún Anita Mahfood pa, oníjó tí gbogbo Kingston mọ̀ sí Margarita, tí wọ́n jọ ń gbé. Wọ́n fi Drummond sí ilé ìwòsàn Bellevue, ibẹ̀ ló sì kú sí ní oṣù Karùn-ún 1969. Margarita náà jẹ́ olórin. Orin rẹ̀ "Woman Come" wà nílẹ̀, ìlù Rasta ni wọ́n fi gbè é. Mo máa ń bẹ àwọn tó bá fẹ́ràn Drummond pé kí wọ́n gbọ́ ti obìnrin náà pẹ̀lú. Kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ àfikún ìtàn ẹni tó pa á.

Ṣé orin tó ní ọ̀rọ̀ wà? Fèrè nìkan ń sú mi.

Ó pọ̀. Ẹ gbọ́ "Simmer Down" ti The Wailers, Bob Marley nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó ń bá àwọn ọmọ ìta Kingston sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fara balẹ̀. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ Coxsone, Studio One, ni wọ́n ti ṣe é, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di Skatalites ló sì gbè é. Ẹ gbọ́ Prince Buster: "Al Capone" àti "One Step Beyond", tó wà lẹ́yìn àwo kan náà. Àti Millie Small, ọmọdébìnrin tí Chris Blackwell ti Island Records mú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí "My Boy Lollipop" rẹ̀ gba ipò kejì ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà ní 1964. Ernest Ranglin, onígìtá ńlá, ló to orin náà. Ohùn Millie máa ń pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́. Tó bá di ìgbà kẹta, wọ́n á ti máa bá a kọ ọ́.

Kí ló dé tí ska fi kógbá sílé ní Jàmáíkà?

Ijó ló rọlẹ̀. Láti 1966 ni ìlù ti bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, bass gba iwájú, ohùn àwọn akọrin mẹ́ta-mẹ́ta gba ipò fèrè. Adùn wà nínú rocksteady, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá fèrè kò ní rí i tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi "Phoenix City" ti Roland Alphonso ṣe ìdágbére: 1966 ló jáde, saxophone rẹ̀ sì ń sáré bí ẹni pé kò gbọ́ pé àsìkò ti ń yí.

Báwo ló ṣe wá dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì?

Àwọn ará Jàmáíkà tó ṣí lọ síbẹ̀ ló gbé e dání. Ní 1960, ilé-iṣẹ́ àwo kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Melodisc, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Blue Beat, láti máa tẹ orin Jàmáíkà. Ó gbilẹ̀ débi pé "blue beat" ni ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ń pe ska fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ìtàn orin wa á ti dá Melodisc mọ̀: àwọn kan náà ni wọ́n tẹ àwo Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, àti West African Rhythm Brothers rẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1950. Orin Yorùbá àti orin Jàmáíkà gba ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan náà wọ ìgboro Lọ́ńdọ̀nù.

Ìran kejì ló wá sọ ọ́ di ńlá. Coventry, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀, ni Jerry Dammers ti dá The Specials sílẹ̀, dúdú àti funfun pa pọ̀ nínú bándì kan. Ní 1979 ó dá ilé-iṣẹ́ àwo 2 Tone sílẹ̀, "Gangsters" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Owó kò tó láti gba orin kejì tó máa wà lẹ́yìn àwo náà, wọ́n bá lo orin kan tí Neol Davies ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí trombone wà níwájú rẹ̀. Ìyẹn ló bí bándì The Selecter. Madness láti Lọ́ńdọ̀nù (Prince Buster ni wọ́n ti yá orúkọ wọn), The Beat láti Birmingham, Bad Manners, gbogbo wọn dìde láàárín ọdún kan sí méjì.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn mi nípa afọnfèrè ti so èso. Ní 1967, Dandy Livingstone gba orin kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, "Rudy, A Message to You". Rico Rodriguez, ọmọ Alpha tí Drummond fúnra rẹ̀ kọ́, tó ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì láti 1961, ló fọn trombone nínú rẹ̀. Ní 1979, The Specials tún orin náà ṣe, wọ́n pè é ní "A Message to You Rudy". Ta ni wọ́n pè wá fọn trombone? Rico náà ni. Ọdún méjìlá ló wà láàárín, gbólóhùn fèrè kan náà, ètè kan náà. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn, ẹ ó gbọ́ bí ọkùnrin kan ṣe dàgbà. Òun náà ló tún fọn trombone tó ń sunkún nínú "Ghost Town" ti The Specials, tó wà ní ipò kìíní ní Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Keje 1981, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń dá rúgúdù sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Láti 1996 ló ti ń bá bándì Jools Holland, onídùùrù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní 2015.

The Beat náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, àfi onísaxophone wọn, Saxa, ará Jàmáíkà tó ti ń sún mọ́ ọmọ àádọ́ta ọdún, tó ti bá Prince Buster àti Desmond Dekker ṣeré rí. Bí saxophone rẹ̀ bá ti wọlé nínú "Tears of a Clown", ẹ ó mọ̀ pé àgbà ti dé àárín ọjà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ọmọ Yorùbá wà nínú àwọn bándì yẹn?

Pauline Black, akọrin The Selecter. Inú ìdílé òyìnbó kan ní Romford ni wọ́n ti gbà á tọ́, ó sì ti dàgbà kó tó wá ìdí ara rẹ̀ kàn: ìyá tó bí i jẹ́ Júù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá tó bí i sì jẹ́ Yorùbá láti Nàìjíríà. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀. Ẹ wo fídíò "On My Radio" ti 1979, ẹ wo bó ṣe wọ kóòtù àti fìlà bí ọkùnrin, bó ṣe ń jó tí kò fara balẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Mo ní láti sọ òtítọ́ o: fèrè kọ́ ni agbára The Selecter, dùùrù àti ohùn obìnrin yẹn ni. Síbẹ̀ mi ò lè ṣe àkójọ kankan kí n yọ ọ́ sílẹ̀.

Mo gbọ́ pé orin àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni.

Rárá. Àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà wá síbi eré wọn láti da ibẹ̀ rú, òótọ́ ni, pàápàá ní 1979 sí 1981 nígbà tí National Front, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gẹ̀ẹ́sì, ń wá ọmọ ẹ̀yìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó fá orí. Ṣùgbọ́n àwọn bándì náà dojú kọ wọ́n. Dúdú àti funfun tí ẹ ń rí lára aṣọ àti àwo 2 Tone, ohun tó dúró fún gan-an ni pé kí àwọ̀ méjèèjì jọ wà.

Àwọn Amẹ́ríkà ńkọ́? Tiwọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ariwo gìtá ló pọ̀ jù.

Mo gbà pẹ̀lú yín dé ìwọ̀n kan. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà da ska pọ̀ mọ́ punk, orin gìtá aláriwo tó ń sáré. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, fèrè dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bù lé àmàlà lẹ́yìn tí ẹni tó ń jẹun ti yó. Reel Big Fish àti Less Than Jake ní orin tó ń dùn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ wọn fún ìdùnnú ọ̀sán kan, mi ò padà síbẹ̀ lemọ́lemọ́. Mighty Mighty Bosstones ti Boston, tí "The Impression That I Get" wọn gbòde ní 1997, ní fèrè tó le, wọ́n sì ní ẹnìkan nínú bándì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa jó lọ, kí wọ́n tó tú ká ní 2022. Streetlight Manifesto láti New Jersey yàtọ̀: fèrè ni egungun orin wọn, ó sì pọ̀, ó yára, ó gbà kí ẹ fetí sílẹ̀ gidi. Kí gbogbo wọn tó dé ni Fishbone ti wà, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú Los Angeles tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979, tí wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ irú orin tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ adùn Jàmáíkà àtijọ́ láti ọwọ́ Amẹ́ríkà, bándì méjì ni: Hepcat láti Los Angeles, àti The Slackers láti New York. "Right on Time" ni àwo Hepcat tí mo máa ń gbé fún àwọn àgbà tí kò fẹ́ ariwo. The Slackers ní Glen Pine lórí trombone àti David Hillyard lórí saxophone; àwo wọn "Redlight" dúdú díẹ̀, ó sì dùn gan-an. Mo fẹ́ràn wọn ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Ibòmíràn?

Jàpáànù! Tokyo Ska Paradise Orchestra wà láti ìparí àwọn ọdún 1980 títí di òní, afọnfèrè mẹ́rin ló ń tò síwájú, kóòtù aláwọ̀ kan náà lọ́rùn gbogbo wọn, Atsushi Yanaka sì gbé saxophone baritone tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọmọdé. Mi ò rí bándì tí ayọ̀ hàn lójú rẹ̀ tó tiwọn. Ní Melbourne, Ọsirélíà, Nicky Bomba kó ohun tó lé ní ogún ènìyàn sórí ìtàgé, ó pè é ní Melbourne Ska Orchestra. Ní Buenos Aires, Dancing Mood wà, Hugo Lobo onítrumpet ló ń darí rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọrin rárá, fèrè ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Panteón Rococó ní Mẹ́síkò àti Ska-P ní Sípéènì pariwo ju ìyẹn lọ, ọ̀rọ̀ òṣèlú sì pọ̀ lẹ́nu wọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wá Jazz Jamaica tí Gary Crosby dá sílẹ̀ ní 1991. Arákùnrin òbí rẹ̀ ni Ernest Ranglin tí mo dárúkọ lókè, Rico náà sì bá wọn ṣeré.

Bàbá mi ní ó jọ highlife. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Etí bàbá yín dá ṣáká. Àwọn méjèèjì jẹ́ orin ijó tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi fèrè òyìnbó dá ní àkókò tí òmìnira ń bọ̀, jazz sì wà nínú ilé àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi irọ́ so wọ́n pọ̀ bí ìyá àti ọmọ. Ẹ gbé àwo Victor Ọláìyá sí i, kí ẹ gbọ́ trumpet rẹ̀: ó máa ń na ọ̀rọ̀ gùn, ó ń yí bí odò, gìtá sì ń hun aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Fèrè ska máa ń ta bí ẹ̀gún: ó gún yín, ó sá, ó tún padà. Ẹni tí highlife ti là létí kò ní pẹ́ kó tó gbádùn ska, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ fún àwọn àgbà, kí n tó fún àwọn ọmọ wọn.

Mo wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n orúkọ ń dà mí láàmú. Orin kan náà, orúkọ mẹ́ta.

Ó ń ṣe gbogbo wa. Ní Jàmáíkà ayé ìgbà náà, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ àwo ló ń pinnu orúkọ tó máa wà lára rẹ̀. Orin tí Skatalites ṣe lè jáde ní orúkọ Don Drummond, tàbí Tommy McCook, tàbí Roland Alphonso, tàbí orúkọ akọrin nìkan. Ẹ lo Discogs, àkójọ àwo orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ tẹ orúkọ afọnfèrè, ẹ ó rí àwọn àwo tó ti ṣiṣẹ́. Ẹ tún lè wá orúkọ ilé-iṣẹ́: àkójọ Studio One àti Treasure Isle ti Duke Reid ló mú mi dé ibi tó pọ̀ jù.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àtúnṣe. Skatalites tún para pọ̀ ní 1983, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ orin wọn gbà sílẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà kan mo san owó gidi lé àwo tí ẹni tó tà á sọ pé orin 1964 ni. Bí mo ti gbé e sí i ni mo gbọ́ ìró dùùrù oníná ìgbàlódé. Orin náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo rà nìyẹn, inú bí mi púpọ̀. Láti ọjọ́ náà, mo kọ́kọ́ ń wo ọdún ìgbohùnsílẹ̀, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ àwo náà jáde, kí n tó yọ owó.

Ṣé ó ṣeé lù ní òde àríyá wa?

Ó ṣeé lù. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ àríyá o. Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn jẹun, kí wọ́n jókòó díẹ̀, kí ẹ wá fi "Phoenix City" sí i. Mo ti ṣe é níbi ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún bùrọ̀dá ìyá mi, àwọn ìyá tó wọ gèlè ló kọ́kọ́ dìde, wọ́n sì rí ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà kí àwa tí a mọ̀ ọ́n tó dé agbo.

Wákàtí kan péré ni mo ní lálẹ́ òní. Kí ni kí n gbọ́?

"Guns of Navarone" kọ́kọ́, kí ara lè jí. "Simmer Down" tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ẹ pa iná yàrá, kí ẹ gbọ́ "Eastern Standard Time" lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà àkọ́kọ́ fún ìlù, ìgbà kejì fún trombone nìkan. Ẹ wá gbọ́ ti Dandy Livingstone 1967 àti ti The Specials 1979, kí ẹ sì fi ìka ka iye ìgbà tí Rico mí láàárín gbólóhùn kan sí èkejì. Ẹ gbọ́ "Ghost Town". Bí ìṣẹ́jú díẹ̀ bá ṣì kù, ẹ wá fídíò Tokyo Ska Paradise Orchestra kan, èyíkéyìí, kí ẹ dìde dúró kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.